Ìlà Kẹta Nínú Ìwé Ọkọ̀ Mi

Morẹ́nikẹ́ ni orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe mí ní ibi láyé. Àbúrò bàbá mi ni, ọmọ ìyá kan náà. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ gbà pé àwọn ti rí ẹni tí àwọn yóò máa kẹ́. Òun ní tirẹ̀ kò rí ẹni kẹ́ nínú mi. Mo mọ̀ pé ẹni tó fi ọdún mọ́kànlá jù mí lọ, tó tún jẹ́ àbúrò bàbá mi, kò yẹ kí n máa pè é ní “ó” bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọdé tàbí ewúrẹ́. “Wọ́n” ni ilé tí mo ti wá kọ́ mi. Lójú rẹ̀, mi ò ṣì í sọ rí. Láti ìgbà tí a ti jọ wà nínú ìjọ aláṣọ funfun kan náà ní Barking, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo ń kúnlẹ̀ kí i, tí mo ń pè é ní “Àǹtí”, tí mo ń fi “ẹ” sí i. Orúnkún mi ń kúnlẹ̀, inú mi wà lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, “ó” ni mo ti ń pè é láti ọmọ ọdún méjìlá, bí mo sì ṣe ń pè é nínú ọkàn ni n ó ṣe kọ ọ́ síbí. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó pa ìwé dé.

Síbẹ̀, ara mi fúyẹ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́. Etí fèrèsé ni mo jókòó sí ní Eastbury, níbi tí mo ti ń rí òrùlé ilé bíríkì àtijọ́ tí àdúgbò wa gba orúkọ rẹ̀. Láàárọ̀ òní mo lọ sí ọjà East Street, mo ra ẹja yíyan, mo gbé e sí imú, inú mi kò sì ru. Ẹni tó bá mọ̀ mí yóò mọ̀ pé nǹkan ńlá nìyẹn. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí òórùn ẹja yíyan ti ń bí mi nínú. Ẹ óò gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí tó kàn mí lọ fún ogún ọdún lọ́nà mẹ́ta kí òtítọ́ tó bá a, ó sì wá bá a lórí àga onítìmùtìmù kan ní Dagenham, nínú yàrá tí wọ́n ti mú kí ó gbóná jù.

Ẹ̀pẹ́ ni ilé wa, létí ọ̀sà, níbi tí ìlú ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá omi. Ilé wa kì í dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àkùkọ àti ìró ìgbálẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jí wa. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò gbọ́ ọlọ tí màmá mi fi ń lọ ata, àáké ẹni tó ń la igi lẹ́yìn ilé, àti àwọn apẹja tó ń bọ̀ láti ojú omi, tí wọ́n ń ké sí ara wọn láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Iṣẹ́ mi ni láti pọnmi kún ìkòkò méjì kí n tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, kí n gbá iwájú ilé, kí n sì yí ẹja padà lórí ààrò kí apá kan má baà jóná. Ẹja ni màmá mi ń yan tà. Èéfín rẹ̀ rọ̀ mọ́ mi lára tó bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́ wa fi máa ń mọ̀ pé mo ti wọ kíláàsì kí wọ́n tó gbójú sókè. Oúnjẹ wa kò pọ̀ ní oríṣi: ẹ̀kọ láàárọ̀, gàrí tó kan dáadáa lọ́sàn-án, ìkokorẹ́ lọ́jọ́ tí ewùrà bá wà, tí màmá mi yóò rin ewùrà, tí wọn yóò máa bù ú sínú omi ata tó ń hó pẹ̀lú ẹja, tí gbogbo wa yóò sì dúró yí ìkòkò ká, tí a ó máa jà lórí ẹni tí yóò ha ìdí rẹ̀. Bí mo ti dàgbà tó yìí, bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá àlàáfíà wà nínú ilé kan, ariwo rẹ̀ ni mo máa ń tẹ́tí sí. Ilé tó bá dákẹ́ ni mo ń bẹ̀rù. Lọ́jọ́ tí wọ́n ba ayé mi jẹ́, ilé wa dákẹ́.

Bàbá bàbá mi ló ni ilé náà. Bàbá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ìgbòkun ni wọ́n ń rán. Àpò ìyẹ̀fun ni wọ́n fi ń ṣe é, èyí tí wọ́n ti tú, tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n ti sá títí ó fi funfun. Wọn yóò wá fi abẹ́rẹ́ gígùn àti okùn tí wọ́n ti fi ìda pa lára so wọ́n pọ̀ di aṣọ kan ṣoṣo tí ọkọ̀ yóò ta sí atẹ́gùn. Abẹ́ igi àgbálùmọ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, èmi a sì di etí aṣọ náà mú kí ó má baà wọ́ nílẹ̀. “Bọ́sẹ̀, fà á.” “Bọ́sẹ̀, dẹ̀ ẹ́ díẹ̀.” Wọ́n máa ń sọ pé atẹ́gùn kì í bá ìgbòkun jà níbi tó ti nípọn, ojú kan ṣoṣo tó tú ló ń wá kiri. Ọdún yẹn ni olùkọ́ wa yá mi ní ìwé kan fún ìsinmi, ìwé òyìnbó tí kò ní èèpo mọ́. Ìtàn àtijọ́ tí wọ́n kọ fún ọmọdé ni, nípa ìlú kan lókè òkun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ọba kúrò lórí ara rẹ̀, tí àwọn ìlú ọlọ́ba sì ń gba ẹrù rẹ̀ lójú òkun nítorí pé kò tíì ní ọkọ̀ ogun kankan. Ni wọ́n bá wọ inú igbó, wọ́n gé igi, wọ́n kan ọkọ̀ onígbòkun tiwọn, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò tù ú. Ọdún kan náà ni rédíò ń pariwo pé ìlú tiwa náà kò ní ọba òyìnbó lórí mọ́, pé a ti di orílẹ̀-èdè olómìnira. Ó ṣe mí bí ẹni pé èmi gan-an ni wọ́n kọ ìwé náà fún. Mo ń kà á ní òyìnbó, mo ń sọ ọ́ fún Bàbá ní Yorùbá, bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ.

“Ìlú tí kò lọ́ba?” Bàbá a dá abẹ́rẹ́ dúró. “Ta ló wá ń pàṣẹ níbẹ̀?”

“Wọ́n máa ń yan ẹnìkan ni, Bàbá. Bó bá ṣe ọdún díẹ̀, wọn a tún yan ẹlòmíràn.”

“Bí a ṣe ń yan olórí ẹgbẹ́ apẹja. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló ń rán ìgbòkun fún wọn?”

“Ìwé ò sọ.”

“Ìwé yẹn ò pé. Ọkọ̀ tí wọn ò dárúkọ ẹni tó rán ìgbòkun rẹ̀, ta ló mọ̀ bóyá yóò dé ibi tó ń lọ?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ mí di ẹni tó ń kọ̀wé. Mo pinnu pé èmi ni n ó kọ ìwé tó pé.

Morẹ́nikẹ́ ti ti Èkó dé ní ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà. Ọdún mẹ́fà ni ó lò lọ́dọ̀ ìbátan wa kan níbẹ̀, tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí pé kó lọ kàwé, ó sì padà wá pẹ̀lú aago ọwọ́, bàtà gíga, Bíbélì ńlá kan tó ń gbé há abíyá, àti òyìnbó díẹ̀ tó fi ń dún mọ́ wa létí. “Nọ́ńsẹ́ńsì!” ló máa ń sọ bí obẹ̀ bá ta sí i láṣọ. Akọ̀wé kóòtù kan ń fẹ́ ẹ, ọkùnrin náà sì ń sọ ọ́ kiri ìlú pé obìnrin tó mọ̀wé nìkan ni òun lè gbé sílé. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Kàdúná, lẹ́tà wọn sì máa ń dé lóṣooṣù. Morẹ́nikẹ́ ló ń kà á fún ilé. Ìbáà jẹ́ ojú ewé kan, ìbáà jẹ́ mẹ́ta, bákan náà ló máa ń gùn lẹ́nu rẹ̀: “Bàbá, ẹ kú ilé, ẹ kú ọmọ. Àlàáfíà ni mo wà. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.” Lọ́jọ́ tí mo ní kí n bá a kà á, ó fi ìka gún mi níwájú orí. “Lẹ́tà àgbàlagbà, ìwọ lo fẹ́ kà á? Ìwé tìrẹ ò tíì dé bẹ̀.” Mo rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é, tàbí pé ó ń fi ọ̀rọ̀ bàbá mi pamọ́ fún wa. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Màmá mi ra ìwé ìkọ̀wé kan fún mi nígbà tí mo yege ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin ní Ìjẹ̀bú Òde. Èmi ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí yóò lọ láti ilé wa. Aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ni a ń múra àtilọ rán. Inú ìwé yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn tèmi, ìtàn ìlú tuntun tí kò lọ́ba àti ọkọ̀ ogun rẹ̀, pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tí bàbá àgbà rẹ̀ rán ìgbòkun ọkọ̀ náà, tí ọmọ náà sì fẹ́ sá wọ inú ọkọ̀ lọ wò ó bóyá ojú rírán náà yóò di atẹ́gùn mú. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, bí gbogbo wa ṣe ń kọ Yorùbá nígbà náà, láìsí àmì ohùn kankan. Ta ló ń fi àmì sí ìwé? Olùkọ́ wa pàápàá kì í fi sí i. Ẹni tó bá ń kà á ni yóò fi etí inú gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ rèé, bí mo ṣe kọ wọ́n gan-an:

Ọkọ mi de.
O ga, o rẹwa, emi yoo ba a lọ lọla.
Opo mẹta ni o ni, igbokun rẹ si funfun bi lekeleke.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá dúró sí ìlà kejì lè ṣìnà. Ẹni tó bá ka ìlà kẹta kò lè ṣìnà mọ́. Kò sí ọkùnrin tó ní òpó ìgbòkun mẹ́ta.

Lóṣù tó ṣáájú, ọmọbìnrin ńlá kan ní agboolé kejì ti bá atukọ̀ kan sá lọ sí Èkó, etí gbogbo òbí sì wà lókè. Ọ̀sán ọjọ́ kan, a ń jẹ gàrí lọ́wọ́ nígbà tí Morẹ́nikẹ́ jáde láti inú yàrá wa. Abẹ́ ẹní mi ló ti rí ìwé náà.

“Bàbá, ẹ wá gbọ́ ohun tí ọmọ yín ń kọ. Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ súnmọ́ ibí.”

Ó fi ìka sí abẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ń kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó jọ lójú wa pé ó ń ṣe bí akọ̀wé kóòtù rẹ̀ tó ń ka ẹ̀sùn síni létí. “Ọkọ. Mi. Dé.”

Ọwọ́ màmá mi dúró sínú àwo.

“Ó ga. Ó... rẹwà. Èmi yóò... bá a lọ... lọ́la.”

“Lọ síbo?” ni màmá mi wí.

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ kà sí mi lọ́rùn. “Àǹtí, ọkọ̀ ni! Ọkọ̀ ojú omi!”

“Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ níwèé?” ló dá mi lóhùn. “Ọkọ lo kọ, ọkọ ni mo kà. Ẹ rí i bó ṣe ń rẹ́rìn-ín? Ojú ọmọ yìí ti là kọjá tàwa.”

Bàbá gbọ́wọ́ sókè. “Ẹ fara balẹ̀. Morẹ́nikẹ́, ṣé kì í ṣe ìtàn ìlú tí kò lọ́ba yẹn ni? Ka iwájú.”

Ó wo ìlà kẹta. Mo ń wò ó. Ojú rẹ̀ lọ sí ìparí ìlà náà, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún lọ. Ètè rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ló pa ìwé náà dé pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

“Bàbá,” ló wí, “èyí tó kù ò ṣeé kà sí etí àgbà.”

Kí n tó dìde, ó ti kì í bọ abẹ́ ààrò, sínú iná tí ẹja wà lórí rẹ̀. Mo ké. Mo ní òpó mẹ́ta ló wà níbẹ̀, mo ní ìgbòkun ló wà níbẹ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kà á láti orí dé òpin kó tó jó tán. Bàbá wò mí pẹ́. Mo rí i pé ó wù wọ́n kí wọ́n gbà mí gbọ́, èyí ló sì dùn mí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ títí dòní. Wọ́n ní: “Bọ́sẹ̀, bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni, kí ló dé tí Morẹ́nikẹ́ ò lè kà á?”

Ọlọ kò dún, àáké kò dún, ọmọ kankan kò sunkún. Ẹja tí wọ́n fi ìwé mi yan, mo jẹ nínú rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, nítorí pé òun ni a rí jẹ.

Wọ́n ní a kì í rán ọmọ tó ti ń wá ọkọ lọ síbi tí ojú ò tó o. Ẹlòmíràn gba àyè mi ní Ìjẹ̀bú Òde. Bàbá ní kí ọ̀rọ̀ náà má jáde nílé, nítorí náà n kò lè sọ fún olùkọ́, olùkọ́ kò sì mọ̀ ju pé mo dá ìwé òyìnbó wọn padà, mo ń sunkún. Màmá mi wo ilẹ̀, wọ́n padà sídìí ẹja wọn. Mo ti dárí ji màmá mi. Wọ́n ti lọ, ó sì rọrùn láti dárí ji ẹni tí kò lè tún un ṣe mọ́. Bàbá ń bá ìgbòkun wọn lọ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tún bi mí bóyá ọkọ̀ ìlú tí kò lọ́ba ti kúrò ní èbúté. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá wà lọ́jà. Ọ̀dọ̀ aránṣọ kan ní Ìkòròdú ni wọ́n mú mi lọ, mo sì lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀: ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, omi ni mo ń pọn, ọmọ ọlọ́mọ ni mo ń pọ̀n, ọdún méjì tó kẹ́yìn ni mo tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé obìnrin aránṣọ náà kú, mo jẹun tán kí n tó sọ pé ó mà ṣe o. Akọ̀wé kóòtù gbé Morẹ́nikẹ́ níyàwó ní ọdún tí mo kọ́ṣẹ́ tán. Wọ́n ní kí n wá bá wọn rán aṣọ rẹ̀. Mo rán an. Ojú rírán kankan kò tú níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo rò ó.

Mo kàwé nígbẹ̀yìn. Mo kà á pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, mo kà á ní ìlú yìí lẹ́yìn tí ọkọ mi ti jáde lọ wa ọkọ̀ ẹrù ní Dagenham Dock, mo gba oyè yunifásítì nígbà tí irun orí mi ti funfun, mo sì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹjọ́ kan ṣoṣo ni mo ń dá lọ́kàn. Mo dá Morẹ́nikẹ́ lẹ́bi pé ó rí òpó mẹ́ta, ó rí ìgbòkun, ó sì gbé e mì nítorí pé ó kórìíra kí n lọ síbi tí òun kò dé. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ mú un wá sí Dagenham, tó sì jẹ́ ìjọ wa ló yà sí, mo rò pé Ọlọ́run ń fi mí ṣeré ni. Kò pẹ́ tí wọ́n fi í ṣe Ìyá Ìjọ. Bíbélì ńlá náà ṣì wà lábíyá rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó ka ẹ̀kọ́, á fọwọ́ gbo ojú, á ní: “Mo tún gbàgbé jígí mi sílé. Ìwọ ọmọ yìí, bá mi kà á.” Ìjọ a ní ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀, ẹ wo bí Màmá ṣe ń fún ọmọdé láyè. Èmi a wo àjà. Ọ̀lẹ yẹn náà ni, mo wí fún ara mi.

Ní ọdún yìí, wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn ọmọ tí a bí síbí, tí wọ́n mọ orúkọ oúnjẹ àti bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, tí ìyókù sì jẹ́ òyìnbó. Mo mú wọn lọ wo odò tó gba ẹ̀bá Barking kọjá, mo sọ fún wọn pé ìlú apẹja onígbòkun ni ibí nígbà kan rí, bí Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní kí n sọ ìtàn. Mo jókòó, mo tún ìtàn ọkọ̀ mi kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìlú tuntun tí kò lọ́ba, àwọn tó kan ọkọ̀ ogun rẹ̀, àti ọmọ ọmọ arángbòkun. Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́, mi ò yí ohunkóhun padà nínú wọn. Mo fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀, bí ẹni ń kan ìṣó. Ọmọ ìjọ kan bá mi tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e wá láìsí àmì kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà òun kò mọ̀ wọ́n. Ọkọ mi de. Lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Morẹ́nikẹ́, ọmọ rẹ̀ sì ní kí n wá kí i. Mo se ìkokorẹ́, mo mú ìwé náà, mo sì mú ọmọ ọmọ mi dání, Tómi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. N kò ní purọ́: ìkà ni mo bá wọ bọ́ọ̀sì. Ojú rẹ̀ ti là wàyí, kò ní àwáwí jígí mọ́. Mo fẹ́ kó ka ìlà kẹta lójú mi, kí n sì máa wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń kà á.

“Ẹ kú ewu ojú, Àǹtí,” ni mo wí, mo kúnlẹ̀, mo sì gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́. “Mo kọ nǹkan fún àwọn ọmọ. Ẹ bá mi ka ojú ewé àkọ́kọ́.”

“Jígí mi...”

“Wọ́n ti ṣe ojú yín, Àǹtí. Ọmọ yín ní ẹ ń rí eṣinṣin lórí ògiri.”

Ó wo ìwé náà. Ó wò mí. Ọwọ́ rẹ̀ ti di awọ àti egungun. Ó na ìwé náà sí Tómi. “Ọmọ mi, wá bá Màmá Dagenham kà á.”

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ já a gbà. Ṣùgbọ́n Tómi ti bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lábẹ́. “Ọkọ mi dé. Ó ga, ó rẹwà, èmi yóò bá a lọ lọ́la.” Ó bú sẹ́rìn-ín. “Grandma! Husband ta ni? Ẹ̀yin àti ta ni?”

“Ka iwájú,” ni mo wí. Ohùn Bàbá ni mo gbọ́ nínú ohùn mi.

“Òpó mẹ́ta ni ó ní... ìgbò... ìgbòkun...” Ojú rẹ̀ padà sókè sí ìlà àkọ́kọ́. “Oh my days. Ọkọ̀ ni! Ọkọ̀ ojú omi! Mo kà á wrong.” Ó sì tún un kà láti òkè, pẹ̀lú ohùn tó yẹ, bí ẹni tó yọ òkúta kúrò nínú ìrẹsì tó ń bá jíjẹ lọ.

Morẹ́nikẹ́ fara tì síwájú. “Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn?” ló bi ọmọ náà. “Béèyàn bá ti kọjá, ó lè padà sẹ́yìn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá Dagenham. Bí kò bá yé mi, mo máa ń padà.”

“Hẹn-ẹn,” ló wí. Ó ní kí Tómi lọ bá òun wo omi tíì ní kíṣínì.

Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e ni n ó fi parí, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ tèmi lé e lórí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí. Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa padà sílé, Tómi bi mí ní ẹ̀ẹ̀mejì pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àyè mi ní Ìjẹ̀bú Òde kò padà. Ọdún mẹ́fà Ìkòròdú kò padà, ẹni tó bá sì ní kí n gbàgbé rẹ̀, kó lọ pọnmi níbẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbé kiri gẹ́gẹ́ bí ìkórìíra, ìkórìíra kọ́ rárá. Mo ti wá ọ̀tá kan láti Ẹ̀pẹ́ dé Barking, kò sì sí nílé. Ẹ wo bí èjìká ti ń fúyẹ́ tó.

Tómi ń ṣí omi ẹ̀rọ ní kíṣínì. Àǹtí Morẹ́nikẹ́ fi ìka wọn sórí ìlà kẹta, ìka kan náà, wọ́n fà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbójú sókè wò mí, wọ́n ní:

“Bọ́sẹ̀, búrẹ́dì ni wọ́n fi mí kiri ní Èkó, ọdún mẹ́fà. Bàbá bi ọ́ lọ́jọ́ yẹn pé kí ló dé tí mi ò lè kà á. Ìwọ kọ́ ló yẹ kí wọ́n bi. Mi ò lè kà á ni.”